Àkànní Rọ̀ Mọ́jú: Ohun Tójú Mi Rí Nígbà Tí Mò Ń Tún Ìwé Mi Ṣe

Kọ́sítọ́mà mi kan ló kọ́kọ́ bi mí. Ó wá gba léèsì ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ígbọ̀nà, ó ti sanwó tán, ó ti ń lọ, ló bá yíjú padà, ó ní, "Ìyá Tọ́lá, mo ti ń ka ìwé yín o. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń pè ní Àkànní rọ̀ mọ́jú?" Mo ní mi ò kọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n wo ojú-ìwé 41. Mo fa ẹ̀dà kan yọ lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo ṣí i, mo rí i gbangba: "Akanni ro moju, gbogbo ona Ikirun si di ere." Ẹ̀yin èèyàn mi, èèyàn ni Àkànní o. Òun ni ìtàn mi dá lé. Òun náà ló rọ̀ mọ́jú, òun ló sọ ọ̀nà Ìkìrun di ẹrẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan lálẹ́ òní tó ń múra àtigbé ìwé ẹ̀ lọ sí pírẹ́ẹ̀sì, tó jẹ́ pé ohun tó ṣe mí gan-an ló fẹ́ ṣe é.

Télọ̀ ni mí. Lọ́dún 2020 tí wọ́n ní ká jókòó sílé nítorí kòrónà, kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìkómọ, ta ló fẹ́ rán aṣọ? Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn kan sórí fóònù mi, ìtàn ọmọkùnrin kan tó ń bá ìyá ẹ̀ ta iṣu ní ibùdó réluwéè l'Óṣogbo níbí, láti 1969 títí dé 1979. Láìfàmì sí i ni o, bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí WhatsApp. Òjó lorúkọ ọmọkùnrin yẹn nígbà náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé, ọkọ mi rán mi létí pé àbúrò òun ń jẹ́ Òjó, bẹ́ẹ̀ sì ni Òjó tèmi, kò sí ilé ọtí tí kò jẹ ní gbèsè lórí Títì Réluwéè. Mi ò fẹ́ ìjà ẹbí. Mo gba bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ, mo ní kí ọmọ tó wà níbẹ̀ bá mi yí Ojo padà sí Akanni látòkèdélẹ̀. Ó tẹ nǹkan bíi mélòó kan, kọ̀ǹpútà ní òun ti pààrọ̀ 612. Inú mi dùn débi pé mo fún ọmọ náà lówó mínírà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Òjó tó ń jẹ gbèsè, òjò tó ń rọ̀, ọjọ́ tó ń lọ, ojo tó ń sá fún ìjà, tẹ́ ẹ bá ti ṣí àmì kúrò lórí wọn, ìkan náà ni gbogbo wọn lójú kọ̀ǹpútà. Lórí kẹta, ẹnì kan kí ẹnì kejì pé "e ku Akanni meta." Wọ́n ṣègbéyàwó ní "Akanni Satide." Ojoojúmọ́ di "Akanniojumo," ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ pè é. Bàbá kan bínú sọ́mọ ẹ̀, ó ní "Akanni lasan ni e," ìyẹn tiẹ̀ fẹ́ bọ́ sí i, torí Àkànní lorúkọ ọmọ náà.

Kí ló dé tí mi ò rí i? Mi ò kà á ni. Mò ń sáré kí ìwé jáde kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé lóṣù kẹjọ 2022, mo ní èrò á pọ̀ nílùú, màá tà. Bẹ́ẹ̀ oṣù yẹn gan-an ni télọ̀ kì í rójú mí l'Óṣogbo, aṣọ ẹbí lọ́tùn-ún, aṣọ ẹbí lósì, àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó á pe fóònù pé àwọn ti wà ní Gbọ̀ngán o, ṣé aṣọ ti ṣetán. Ìgbà wo ni mo fẹ́ ka ojú-ìwé 176? Ẹnì kan wà tó ní òun máa ń báàyàn yẹ ìwé wò, mo fún un ní 25,000, ó gbà á lọ́jọ́ Ajé, ó gbé e padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní, "Ó dáa gan-an ni mọ̀mí, mi ò rí nǹkan kan." Mo tiẹ̀ dúpẹ́! Ká ní mo gbọ́n ni, ojú-ìwé márùn-ún péré ni mi ò bá kọ́kọ́ fún un, kí n wo bó ṣe máa fa igi sí i. Òwò tèmi náà nìyẹn ṣáá, mi ò lè gba ọmọ iṣẹ́ kí n gbé léèsì oníléèsì fún un lọ́jọ́ kìíní, àǹkárá àlòkù ni màá fún un, kí n wo ọwọ́ ẹ̀. Ẹ̀dà 500 ni mo tẹ̀, 290,000 náírà, owó àjọ tí mo fẹ́ fi ra máṣíìnì tuntun.

Nígbà tí kọ́sítọ́mà yẹn lọ tán, mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kó gbogbo ìwé tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọlé. Fún bí oṣù méjì, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà lọ sílé. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ní "Ìyá Tọ́lá, ìwé yín yẹn…" màá ní mò ń bọ̀ ná, iná ń jó ọbẹ̀ mi.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa l'Ókè-Baálẹ̀, tíṣà Yorùbá ni kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Tíṣà la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ra ẹ̀dà kan lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò tiẹ̀ gba ṣéńjì. Lọ́jọ́ kan wọ́n wọlé sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé ìwé náà lé tábìlì, wọ́n ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o," wọ́n jáde. Mo ṣí ojú-ìwé àkọ́kọ́, bíró pupa látòkè délẹ̀, bí ẹni pé wọ́n da epo pupa sí i. Mo pa á dé. Mo kì í sábẹ́ àwọn aṣọ tí mi ò tíì rán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀, tí mo bá ti rán aṣọ lórí ẹ̀ tí ó ń yọjú, màá tún wá aṣọ mìíràn gbé lé e.

Nígbà tí mo wá ní kí n ṣọkàn akin, ti Àkànní tó ń rọ̀ ni mo rò pé màá bá níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú-ìwé 6 ni wọ́n ti fa igi mẹ́ta sábẹ́ gbólóhùn kan, wọ́n wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ìwọ́ wé mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí i, ẹ wá ń pè é ní Àkànní? Òjó ni." Ojú tì mí ju ti òjò lọ. Ti òjò, kọ̀ǹpútà ni mo lè dá lẹ́bi. Èyí, èmi ni mo kọ ọ́ pé agbẹ̀bí wo ọmọ, ó wo okùn ìwọ́ lọ́rùn ẹ̀, ó sọ ọ́ lórúkọ tó gbé wá látọ̀run, èmi náà ni mo wá lọ pààrọ̀ orúkọ láìpààrọ̀ ìbí. Mo ti ṣe orúkọ bíi bọ́tìnì, pé tí dúdú ò bá sí kí n fi funfun dí i. Orúkọ Yorùbá kì í ṣe bọ́tìnì o.

Mo fẹ́ yí i padà sí Òjó kí àbúrò ọkọ mi ṣe ohun tó bá fẹ́. Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Nígbà tó yá mo yọ ìwọ́ yẹn kúrò, mo fi Àkànní sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo wá rántí pé oríkì ni Àkànní, oríkì ni ìyá fi ń rọmọ. Bí ìyá ẹ̀ tí kì í pè é ní nǹkan kan ju "ìwọ ọmọ yìí" lọ ṣe wá pè é ní Àkànní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn, lálẹ́ tó fẹ́ sá lọ sí Kánò. Ibẹ̀ ló dáa jù nínú ìwé náà báyìí, inú àṣìṣe ló ti wá.

Àṣìṣe mi tó tóbi jù ò tíì dé o.

January 2023 ni mo jókòó pé mo fẹ́ tún ìwé ṣe. Kí ni mo kọ́kọ́ ṣe? Àmì. Ojú ti bíró pupa tì mí, mo ní ẹnikẹ́ni ò tún gbọ́dọ̀ rí ojo tí kò lámì lọ́wọ́ mi mọ́. Gbogbo alẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, màá tan jẹnẹrétọ̀, màá máa fàmì sórí ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, gbólóhùn kan màá tún un tò lẹ́ẹ̀mẹwàá kó lè dùn lẹ́nu. Oṣù mẹ́fà gbáko. Mo tún ọgọ́rin ojú-ìwé ṣe, ó ń dán. Mo gbé e tọ Bàbá Tíṣà lọ, mo kúnlẹ̀, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wọ́n ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo padà lọ. Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ìyá Tọ́lá, àmì yín ti dáa. Àdùkẹ́ ń kọ́?"

Mo ní, "Àdùkẹ́ wo, bàbá?"

"Àbúrò Àkànní. Ó gbé garawa lọ pọnmi lójú-ìwé 58. Ìwé parí lójú-ìwé 176. Kò tíì dé."

Mi ò pa á, mi ò fi í fọ́kọ, mi ò rán an lọ síbì kankan. Mo gbàgbé ọmọ ọlọ́mọ sídìí ẹ̀rọ omi ni. Ọdún mẹ́wàá! Ìyá ẹ̀ ò sì wá a.

Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ náà, mo bá ọmọ iṣẹ́ mi kan tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ apá aṣọ kan, ó ń lọ ọ́ dáadáa, ó ń wọ́n omi sí i, bẹ́ẹ̀ apá yẹn ò tíì lẹ̀ mọ́ ara aṣọ, a ò tíì mọ̀ bóyá ó máa gùn jù. Mo ti lanu kí n pariwo mọ́ ọn, mo pa ẹnu dé. Ohun tí èmi náà ti ń ṣe láti oṣù mẹ́fà nìyẹn. Kí n tó lè mú Àdùkẹ́ délé, odindi orí méjì ni mo gé dànù, tàmì tàmì. Mo sunkún o, mi ò ní purọ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Mo mú ìwé gígùn tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà, mo ya orí kọ̀ọ̀kan sí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń kọ àyà, ìbàdí, gígùn, mo ń kọ ta ló wọlé, ta ló jáde, ọdún wo ni, kí ló ti yàtọ̀ nígbà tí orí náà parí. Orí 22 ni mo ní. Nínú márùn-ún, kò sí nǹkan kan tó yàtọ̀, àwọn èèyàn kàn jókòó wọ́n ń jẹ iyán. Mo fi mẹ́ta kún orí mìíràn, mo da méjì nù.

Kíkọ ọdún sílẹ̀ yẹn ló tún tú àṣírí mi. Ìyá Àkànní ń ka náírà ní 1969, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé, pọ́n-ùn àti ṣílè la ń ná tẹ́lẹ̀. Ọlọ́pàá kan sọ̀rọ̀ nípa "ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun" ní 1978, nígbà tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la wà nígbà yẹn, 1991 ni wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun lára ẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù, bàbá awakọ̀ kan ní Old Garage ni mo ń bi ní nǹkan mìíràn, mo kàn ń sọ bí mọ́tò ṣe kọ lu Àkànní ní 1970, bàbá ní ọwọ́ wo ni mọ́tò ń gbà? Mo ní ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n ní irọ́ ni, ọwọ́ òsì ni gbogbo wa ń gbà nígbà yẹn, April 1972 ni wọ́n yí i sí ọ̀tún. Mo ní láti tún ìjàǹbá náà gbé kalẹ̀, ibi tí Àkànní wò kó tó sọdá ní láti yí padà. Mo wá jẹ́ kó jẹ́ 1972 gan-an ló ṣẹlẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà, tó jẹ́ pé ọ̀tún ló ṣì ń wò. Ẹ bi àwọn àgbà o. Mi ò rí ìyẹn nínú ìwé, orí bẹ́ǹṣì ní gáréèjì ni mo ti gbọ́ ọ.

Nǹkan tó wá ràn mí lọ́wọ́ jù, iná tó lọ ló fà á. Jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́rin ń fẹsẹ̀ wa máṣíìnì, mi ò rí nǹkan ṣe, mo ní ẹ jẹ́ n kàwé fún yín. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Orí kìíní, máṣíìnì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Orí kejì, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Mo dé ibi tí bàbá Àkànní wọlé tòun ti obìnrin mìíràn, máṣíìnì kan dúró. Òmíràn dúró. Nígbà tó yá n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ohùn mi. Mo wojú sókè, gbogbo wọn ló gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Láti ọjọ́ yẹn mo gbé bíró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí máṣíìnì bá ti ń dún, màá fa ìlà. Ẹni tó fẹ́ràn yín lè purọ́ pé ìwé yín dùn, ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kó rán bùbá mẹ́ta kílẹ̀ tó ṣú ò ráyè irọ́, tó bá dùn á dúró, tí kò bá dùn á máa ránṣọ rẹ̀ lọ. Ìkan lára wọn, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà, ló bi mí pé, "Ọ̀gá, kí ló dé tí gbogbo wọn ń pòwe bí ẹní ń jà?" Mo ka òwe tó wà lórí kìíní nìkan, ó jẹ́ 31. Bàbá ń pòwe, ọmọ ọdún mẹ́jọ ń pòwe, ọlọ́pàá tó fẹ́ gba rìbá ń pòwe. Mo rò pé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìwé Yorùbá. Mo dín in kù sí mẹ́fà, ó dùn mí dé eegun. Mo wá ṣe òfin fún ara mi, ìyá àgbà nìkan ló lè pòwe, àti ọ̀mùtí kan tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló máa ń ṣì í pa. Òun ló ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kó yá àgbà wọ̀." Máṣíìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dúró lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà tí gbogbo èyí parí ni mo tó padà sí àmì, ìyẹn ti bọ́ sí ìparí 2023. Mo lo kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó wà nínú Gboard ti Google lórí fóònù, ó rọrùn ju ohun tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo wá "ẹ̀gbọ́n" nínú fáìlì, kọ̀ǹpútà ní mọ́kànlá ló wà, bẹ́ẹ̀ mo ń fojú mi rí i pé ó ju ogójì lọ. Ọmọ kọ́sítọ́mà mi kan tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ló là mí lóye. Ó ní ẹ tó ní àmì lórí, kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo fún kọ̀ǹpútà, ẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ kí wọ́n tó gbé àmì lé e. Ẹlòmíràn sì lè ti e lásán bẹ̀rẹ̀, kó fi àmì sókè kó tó wá fi àmì kékeré sísàlẹ̀. Lójú wa ìkan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà wọn ò mọra rí. Mo ti tẹ díẹ̀ lórí fóònù, bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà ti tẹ díẹ̀, torí náà oríṣi méjì ló wà nínú ìwé kan. Ó ṣe nǹkan kan tó pè ní normalization, NFC ló ní kí n rántí, gbogbo ẹ̀ sì di oríṣi kan. Fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, tó fún mi ni Charis SIL, ọ̀fẹ́ ni, àmì ò ṣí nípò lórí ẹ̀. Ó ní kí n má gbé nǹkan kan fún atẹ̀wé àfi PDF tí fọ́ǹtì ti wà nínú ẹ̀.

Mo wá ka àmì láti ẹ̀yìn wá síwájú, ojú-ìwé tó kẹ́yìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá kà á láti iwájú, ìtàn á gbé mi lọ, mi ò ní rí àmì mọ́. Ti ojo, mo wá a lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko, mi ò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá pààrọ̀ ìkankan.

Lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, mo ní prúùfù, ẹ̀dà tí màá yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀wé, orí bébà ni mo fẹ́ ẹ, kì í ṣe ti fóònù. Ó dáa tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó gbé e kalẹ̀ ti kó ọ̀rọ̀ jáde kúrò nínú PDF sínú nǹkan tiẹ̀, gbogbo lẹ́tà "ẹ́" ti di àpótí kékeré. A tún un ṣe. Ìyẹn náà ló kọ́ mi pé bébà ńlá kan tí wọ́n bá tẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, tí wọ́n ká a, ojú-ìwé 16 ló ń dà. Tèmi jẹ́ 147. Mẹ́sàn-án bébà jẹ́ 144, tí mo bá fi 147 sílẹ̀ màá sanwó bébà kẹwàá nítorí ojú-ìwé mẹ́ta. Ẹ ò rí bí mo ṣe rí ibi tí mo ti gé ojú-ìwé mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, ńkọ́? Tó bá jẹ́ àṣìṣe àmì nìkan lẹ tún ṣe, ti tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti da orí mẹ́rin nù, Àdùkẹ́ ti délé, ìparí ti yàtọ̀, ìwé mìíràn nìyẹn, mo gba nọ́ńbà tuntun lọ́dọ̀ National Library, mo sì kọ "Àtẹ̀jáde kejì, 2024" sí i. Ẹ̀dà 200, 420,000 náírà. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, mi ò fẹ́ ronú kàn án.

Nínú 500 ti àkọ́kọ́, 188 ni mo ti tà. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó rà á pé kó mú u wá pẹ̀lú 1,000 náírà kó gba tuntun, nígbà tó jẹ́ pé 3,500 ni mò ń tà á. Bí ogójì èèyàn ló wá. Bàbá Tíṣà mú tiwọn wá pẹ̀lú bíró pupa nínú àpò, mo rí i.

Mẹkáníìkì kan wà l'Ólaìyá tó ti ra ti tẹ́lẹ̀, èmi ni mo tọ̀ ọ́ lọ, mo ní kó fún mi padà, àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀. Ó ní láéláé. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi jàre, Ìyá Tọ́lá. Nínú ilé wa báyìí, tójú ọ̀run bá ti ṣú, ìyàwó mi á pariwo sáwọn ọmọ pé ẹ kó aṣọ wọlé o, Àkànní ti ń bọ̀." Ó ka 3,500 náírà fún mi fún tuntun, ó sọ ọ́ sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò tó ń tún ṣe, ó padà sábẹ́ ẹ̀.